Bí Páálí Iṣu Ṣe Ń Di Àpótí Ọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ra odidi páálí iṣu Gánà kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Marietta, ní Georgia, ti ra ohun méjì. Iṣu ni èkíní. Èkejì ni páálí tó gbé e wá: ó ti gba orí òkun kọjá nínú kọ̀ńténà, wọ́n ti to ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e lórí, iṣu inú rẹ̀ wúwo, síbẹ̀ kò ya. Bí iṣu bá tán, ẹ̀bá ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé e sí kí ọkọ̀ ìdọ̀tí wá gbé e lọ. Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi irú páálí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àjákù aṣọ-òkè tàbí àǹkárá tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀, ṣe àpótí ọ̀ṣọ́ tó yẹ láti gbé lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sí nínú níwájú àwọn àna.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ kí a tó mú ọ̀bẹ. Páálí lásán, tí kò ní epo lára, ṣeé dá padà sí ilé-iṣẹ́ bébà. Ní Conyers, ní ìlà-oòrùn Atlanta, ilé-iṣẹ́ Pratt Industries ń fi bébà àti páálí àlòkù ṣe bébà tuntun: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á lù ú títí yóò fi kúnná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́nrán igi inú bébà máa ń kúrú sí i, síbẹ̀ ó lè la ọ̀nà yìí kọjá tó ìgbà 5 sí 7 kí agbára rẹ̀ tó tán. Ṣùgbọ́n páálí tí a ti lẹ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ kò lè padà síbẹ̀ mọ́. Àpótí tó bá wọ́ láàárín oṣù kan, tí a sì jù ú nù, ti ba páálí jẹ́, ó sì ti ba aṣọ jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí a óò bá ṣe é rárá, kí a ṣe èyí tó máa pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a bá fún. Ohun tó ń mú un pẹ́ ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Ẹ fi ọ̀bẹ gé etí páálí kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Bébà mẹ́ta ni ẹ máa rí. Méjì tẹ́ pẹrẹsẹ lóde, ọ̀kan wà láàárín wọn tó ṣe gbágungbàgun bíi páànù òrùlé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní eegun páálí. Bí ẹ bá dá páálí dúró kí eegun rẹ̀ wà lóòró, ó lè gbé ẹrù tó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Bí ẹ bá yí i kí eegun náà dùbúlẹ̀, kò pẹ́ rárá kí ó tó tẹ̀. Fìlà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú bébà gbágungbàgun yìí fún. Ní 1856, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, Healey àti Allen, gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ láti máa fi tẹ́ inú fìlà gogoro àwọn ọkùnrin. Ní 1871, Albert Jones ní New York gba tirẹ̀ láti máa fi wé ìgò kí ó má baà fọ́. Oliver Long ló lẹ bébà pẹrẹsẹ mọ́ ọn ní 1874, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di ohun tó le. Nígbà tó di 1879, irin kan nínú ẹ̀rọ Robert Gair ní New York ṣèèṣì gé àpò bébà níbi tó yẹ kó kàn tẹ̀ ẹ́, Gair sì rí i pé ẹ̀rọ kan náà lè gé páálí kí ó sì tẹ ojú ìṣẹ́po rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni àpótí tí a ń ká, tí a ń tẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀.

Gọ́ọ̀mù tó so bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, sítáàṣì àgbàdo ni. Ìdí nìyí tí omi fi ń tú páálí, ìdí nìyí náà tí aáyán fi fẹ́ràn ibẹ̀. Kí ẹ tó gbé páálí wọlé, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì yẹ inú eegun rẹ̀ wò. Èyí tí epo pupa ti ta sí, èyí tó ti rin rí tó sì wú, èyí tó ń rùn, ẹ má lò ó. Epo kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, bó sì pẹ́ bó yá, yóò là jáde lára aṣọ. Yàtọ̀ sí páálí líle yìí, ẹ nílò páálí fẹ́lẹ́, irú ti Cornflakes. Bí inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ eérú, bébà àlòkù ni wọ́n fi ṣe òun náà. Àpò bébà tí wọ́n fi ń di ọjà wúlò, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú páálí bàtà wúlò. Ní ti aṣọ, àwọn télọ̀ wa máa ń kó àjákù aṣọ ẹbí jọ sínú àpò. Ṣọ́ọ̀bù Goodwill ní aṣọ àlòkù tí kò wọ́n. Ní Atlanta, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń jẹ́ Scraplanta tí wọ́n ti ń ta àjẹkù ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀.

Kí a mú àpótí kan tí ìdí rẹ̀ gùn ní íǹṣì 8, tó fẹ̀ ní 6, tí ògiri rẹ̀ ga ní 3. Mo yan 8 àti 6 nítorí ohun tí bíríkìlà ilẹ̀ wa mọ̀ dunjú: bí wọ́n bá ń ta okùn ìpìlẹ̀ ilé, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, 4 sí apá kejì, bí ó bá sì jẹ́ 5 láti orí ọ̀kan sí orí èkejì, igun náà ti gún. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 6, 8 àti 10. Ẹ gé ìdí àpótí, kí ẹ wọn ọ́n láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 10 gẹ́lẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì, ó ti ṣe déédéé. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ tún un gé nísinsìnyí. Aṣọ kò ní bo àìdọ́gba yẹn mọ́lẹ̀. Ńṣe ni yóò túbọ̀ máa hàn, pàápàá bí aṣọ bá jẹ́ onílà.

Ìwọ̀n tí mò ń fún yín yìí wà fún páálí tó nípọn tó ¼ íǹṣì. Páálí iṣu mìíràn nípọn tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ ⅛, irú páálí Indomie, ẹ lẹ méjì pọ̀, kí eegun ọ̀kan wà lóòró, kí ti èkejì wà ní ìbú, kí ẹ sì gbé àpò ìrẹsì lé e di ọjọ́ kejì. Apá ibi tí ọ̀kan kò bá ti lágbára ni èkejì yóò ti gbà á dúró. Ògiri gígùn jẹ́ méjì, 8 ní 3. Ògiri kúkúrú náà jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n 5½ ní 3 ni, kì í ṣe 6 ní 3, nítorí pé àárín ògiri gígùn méjèèjì ni wọ́n máa wà, ¼ sì lọ sí apá ọ̀tún, ¼ lọ sí apá òsì. Ibi tí ọ̀pọ̀ àpótí ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn: ẹni tó gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìyọ ìnípọn kúrò yóò rí i pé ògiri ti yọ kọjá ìdí, yóò wá máa fi gọ́ọ̀mù bo ohun tí rúlà ì bá ti bá a yanjú.

Rúlà irin ni kí ẹ lò pẹ̀lú ọ̀bẹ alábẹ tí wọ́n fi ń tú páálí, kí abẹ inú rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Abẹ tó ti kú máa ń fọ́ eegun páálí mọ́lẹ̀ kí ó tó gé e. Ẹ má fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rọra fà á lójú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Àwọn ọmọdé lè bá wa lẹ nǹkan, kí wọ́n sì bá wa to ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbà ni gígé.

Gọ́ọ̀mù méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Àkọ́kọ́ ni gọ́ọ̀mù funfun inú ìgò tó wà ní gbogbo ilé ìtajà Amẹ́ríkà. Omi ni ó gbé ọ̀rá inú rẹ̀ dání. Bí omi bá gbẹ kúrò, ọ̀rá tó ṣẹ́kù á di awọ kan tó lágbára tó sì ń tẹ̀ láìkán. Kì í bu, ó sì tètè ń mú. Òun ni kí ẹ fi sí ojú ibi tí ògiri ti pàdé ògiri àti ìdí. Èkejì ni ẹ̀kọ. Àwọn tó ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn mọ agbára rẹ̀: láfún ni wọ́n ń sè, tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Fún àpótí, ẹ po ṣíbí ìyẹ̀fun kan pọ̀ mọ́ ṣíbí omi tútù 4 tàbí 5, kí ẹ gbé e kaná, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró. Hóró sítáàṣì á máa fa omi. Bí ooru bá tó ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 60 sí 70, wọ́n á wú, wọ́n á bẹ́, ẹ̀kọ á sì ki. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí kókó má bàa sí nínú rẹ̀. Inú fíríìjì ni kí ó máa wà, bí ó bá sì ti pé ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ dà á nù kí ẹ se òmíràn. Àǹfààní ẹ̀kọ ni pé kì í tètè gbẹ. Ẹ lè ṣí aṣọ tó wọ́, kí ẹ tún un tẹ́, bó bá sì ta sójú aṣọ, aṣọ ìnura tútù lè nù ún kúrò. Gọ́ọ̀mù funfun kò gba irú ìyẹn. Fún bíbo àpótí, èmi fara mọ́ kí a po méjèèjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì.

Lẹ́yìn tí àwọn ògiri bá ti dúró lórí ìdí, ẹ gé àpò bébà ọjà sí wẹ́wẹ́, kí ó fẹ̀ ní 1½, ẹ kun ún ní ẹ̀kọ, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí igun kọ̀ọ̀kan, nínú àti lóde. Bébà tó rin ti fẹ̀. Bí ó bá ń gbẹ, yóò sún kì, yóò sì fún igun náà pọ̀ ju bí ọwọ́ ṣe lè fún un lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lẹ páálí Cornflakes mọ́ gbogbo ara ìta. Bí ẹ bá fo ìyẹn, eegun páálí líle yóò máa yọ kálíkálí lára aṣọ, gbogbo ẹni tó bá rí i ni yóò sì mọ̀.

Ohun kan náà tó ń fún igun pọ̀ ló ń ba àpótí jẹ́. Bébà tàbí aṣọ tó bá mu gọ́ọ̀mù á fẹ̀. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí gbígbẹ tí kò fẹ̀. Bí ó bá wá gbẹ, ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà, yóò sì fa páálí tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Bí ìdérí àpótí ṣe ń tẹ̀ kọ̀dọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè dá fífà yìí dúró. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fún un ní alátakò: bí a bá lẹ aṣọ sí ìta, kí a lẹ bébà sí inú ní ọjọ́ kan náà, kí méjèèjì jọ máa fà, kí páálí má mọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé. Fọ́nrán bébà náà ní ọ̀nà tó kọjú sí, ó sì máa ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ju bó ṣe ń fẹ̀ sí òòró lọ. Ẹ mú bébà náà, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sí òòró, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí ìbú. Ìlà ìtẹ̀ tó bá rọrùn jù ni ọ̀nà fọ́nrán. Kí ti inú àti ti ìta kọjú sí ibì kan náà. Ẹ gbé ìwé wúwo lé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀ nínú yàrá. Atẹ́gùn Georgia máa ń kún fún ọ̀rinrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, nítorí náà ẹ ní sùúrù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù bá yín ṣe é. Oòrùn, tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun, máa ń gbẹ ojú kan ṣáájú ojú kejì, páálí á sì wọ́ kí ẹ tó mọ̀.

Nínú gbogbo aṣọ wa, kò sí èyí tó bá iṣẹ́ yìí mu bí aṣọ-òkè tí wọ́n hun lórí òfì. Fọ́nrán-fọ́nrán ni wọ́n ń hun ún, ní Ìsẹ́yìn àti níbòmíràn, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ẹ tú ojú rírán náà, ẹ máa rí fọ́nrán tó fẹ̀ tó íǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri wa ga ní 3, ìdí nípọn ní ¼. Bí fọ́nrán bá fẹ̀ ní 4½, ½ yóò ṣẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, ¾ yóò ṣẹ́ wọ inú. Etí rẹ̀ méjèèjì ni ahunṣọ ti hun pa, kò ní máa ya. Àyíká àpótí jẹ́ íǹṣì 28, ẹ gé 29 kí ọ̀kan lè gun èkejì ní ẹ̀yìn. Àmọ́ aṣọ ní ihò, gọ́ọ̀mù sì máa ń là á já. Ẹ kọ́kọ́ dojú aṣọ bolẹ̀ lórí ọ̀rá, kí ẹ fi ẹ̀kọ kun bébà fẹ́lẹ́ inú páálí bàtà, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn aṣọ, kí ẹ fi ọwọ́ pa á láti àárín lọ sí etí. Bí ó bá gbẹ, aṣọ yẹn ti di ohun tí a lè fi rúlà gé bíi bébà. Ẹ ṣọ́ra fún irin ìlọṣọ lára aṣọ-òkè tó ń dán. Okùn dídán inú rẹ̀ máa ń yọ́.

Níbi igun ìsàlẹ̀, ẹ gé aṣọ ní ìdábùú, ṣùgbọ́n ẹ má gé e kan orí igun. Ẹ fi àyè sílẹ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìnípọn páálí, ìyẹn ⅜ íǹṣì fún tiwa. Bí àyè bá kéré sí ìyẹn, páálí yóò yọjú. Bí ó bá pọ̀ jù, aṣọ yóò kó jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ bo páálí fẹ́lẹ́ tó jẹ́ 7¾ ní 5¾, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ láti bo gbogbo etí.

Ìdérí gbọ́dọ̀ tóbi ju àpótí lọ, kí ó sì ní àyè fún aṣọ. Ojú rẹ̀ jẹ́ 8¾ ní 6¾. Ògiri rẹ̀ ga ní 1¼, gígùn jẹ́ 8¾, kúkúrú jẹ́ 6¼. Inú rẹ̀ yóò wá jẹ́ 8¼ ní 6¼, tí àyè ⅛ wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó fún aṣọ-òkè. Fún àǹkárá, ẹ dín gígùn àti fífẹ̀ ojú ìdérí kù ní ⅛, kí ẹ sì dín gígùn ògiri rẹ̀ kù bákan náà, kí ìdérí má baà máa mì.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àpótí ọ̀ṣọ́. Ilé orí, tí wọ́n ń tọ́jú ìbọrí (ohun tí wọ́n fi ń bọ orí ẹni) sí, ni mo máa ń rántí. Awọ àti aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe é, owó ẹyọ ni wọ́n sì fi ń bo gbogbo ara rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ní ilé orí kan lè gba ẹgbàá mẹ́fà owó ẹyọ, ìyẹn 12,000, àti pé àwọn oníṣẹ́ awọ tó ń ṣe é máa ń gba iye owó kan náà fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bí ẹni tó ni ín bá kú, wọ́n á tú u, wọ́n á sì ná owó náà. Ìyẹn ni pé ohun tó wà lára àpótí náà kò pàdánù iyì rẹ̀. Ó kàn padà sọ́jà ni.

Rírán ni wọ́n ń rán owó ẹyọ mọ́ ọn, ọgbọ́n yẹn sì wúlò fún wa títí di òní. Gọ́ọ̀mù kì í mú dáadáa lára ohun tó ń dán. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tó já, tàbí bọ́tìnnì ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ rán wọn mọ́ aṣọ nígbà tó ti ní bébà lẹ́yìn, kí ẹ tó lẹ aṣọ náà mọ́ ìdérí. Ìdérí ìgò ọtí tó jẹ́ álúmíníọ́mù rọ̀, ó ṣeé fi sísọ́ọ̀sì gé, ó ṣeé lu. El Anatsui, ọmọ Gánà tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Nsukka, ló fi okùn bàbà so irú wọn pọ̀ di aṣọ ńláńlá. High Museum ní Atlanta ní ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ti ìgò máàtì le, etí rẹ̀ sì ń gé ọwọ́, nítorí náà èmi kì í gbà á níyànjú fún ohun tí àwọn ènìyàn á máa gbé kiri. Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ má jẹ́ kí ó pọ̀ ju bí ìdérí ṣe lè gbé lọ, kí ẹ sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ lófo kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú.

Inú àpótí ló kù. Ó jẹ́ 7½ ní 5½. Ẹ gé páálí fẹ́lẹ́ márùn-ún tó fi díẹ̀ kéré sí ojú tí wọ́n máa bò, ẹ fi àǹkárá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ ti ìdí kẹ́yìn kí ó lè ti àwọn mẹ́rin yòókù mọ́ ògiri. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó pa á dé, nítorí ọ̀rinrin tó bá há sínú rẹ̀ yóò jẹ́ kí ó bu.

Ẹ má fi àpótí náà sínú mọ́tò nínú oòrùn oṣù Júláì, ooru ibẹ̀ máa ń dẹ gọ́ọ̀mù funfun. Ẹ má gbé e sí ilé ìwẹ̀. Bí igun kan bá ṣí lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀kọ díẹ̀ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì tó fún un. Ẹ fi ọ̀rá bò ó kí ìwé má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé ìwé wúwo lé e di ọjọ́ kejì.